Ta ló sanwó wọn? Ìjíròrò lórí àwọn gbajúmọ̀ tó jáde ní Dulwich College

ÌBÉÈRÈ TÓ DÁ Ọ̀RỌ̀ SÍLẸ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tó wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Peckham là ń gbé. Ọmọkùnrin mi yóò pé ọdún mọ́kànlá lọ́dún tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún wa pé ọpọlọ rẹ̀ jí pépé ni bàbá rẹ̀ ti tẹ orúkọ àwọn gbajúmọ̀ tó jáde ní Dulwich College, ilé-ìwé aládàáni fún ọmọkùnrin ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí, sórí bébà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Shackleton tó rìn lọ sí ilẹ̀ yìnyín Antarctica wà níbẹ̀, Wodehouse òǹkọ̀wé ìtàn apanilẹ́rìn-ín wà níbẹ̀, Chiwetel Ejiofor òṣèré sinimá wà níbẹ̀. Ó ní ibi tí irú àwọn èèyàn yìí ti jáde ni ọmọ òun náà máa lọ, bí a bá tilẹ̀ máa yáwó. Èmi ní kí ọmọ lọ sí ilé-ìwé ìjọba tó wà ládùúgbò wa, ká fi owó parí ilé tí a ń kọ́ sí Ìkòròdú. A ti ń bínú síra wa. Ṣé orúkọ wọ̀nyẹn tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ jẹ gbèsè?

* * *

ÈSÌ KÌÍNÍ

Ìyá ọkọ mi, èmi kan náà ni màá máa dá ẹ̀yin àtàwọn tó bá dá sí i lóhùn. Ẹ má yọ bébà yẹn kúrò lára fìríìjì. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: ta ló san owó ilé-ìwé ẹni yìí?

Ẹ jẹ́ ká fi Ernest Shackleton bẹ̀rẹ̀, torí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Dókítà ni bàbá rẹ̀, Sydenham ló ti ń tọ́jú aláìsàn, kò sì jìnnà sí ilé-ìwé náà. Bàbá ló sanwó. Ọmọ wọlé ní 1887. Nígbà tó fi máa di 1890, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ti pa ìwé tì, ó bá ọkọ̀ òkun lọ. Kì í ṣe ọmọ tí àwọn olùkọ́ ń fi ìwé kíkà rẹ̀ yangàn. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní James Caird, tí òun àti èèyàn márùn-ún fi la òkun já ní 1916, láti Elephant Island dé South Georgia, nǹkan bí 800 máìlì nínú ìjì àti òtútù, inú ọgbà ilé-ìwé náà ló wà títí di òní. Mo ti fojú ara mi rí i. Ó kéré débi pé èèyàn á dúró níwájú ẹ̀, á máa wá ibi tí ọkùnrin mẹ́fà gbé sùn sí.

Báwo ni ọkọ̀ náà ṣe dé ilé-ìwé? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé níbẹ̀, John Quiller Rowett, tó di olówó nídìí òwò ọtí, ló fi ta ilé-ìwé lọ́rẹ. Rowett kan náà ló san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìrìn-àjò ìkẹyìn tí Shackleton rìn, èyí tó kú sí ní 1922. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì kọ́ ni Shackleton mú jáde níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ tó lówó ló mú jáde.

P. G. Wodehouse ńkọ́? Adájọ́ ni bàbá rẹ̀ ní Hong Kong. Láti 1894 sí 1900 ló fi wà ní Dulwich, ó sì fẹ́ràn ibẹ̀ títí ó fi kú. Ó fẹ́ kọjá sí Oxford. Bàbá ní owó kò sí. Wọ́n fi í síṣẹ́ báńkì. Alẹ́ ló ń fi kọ ìtàn, títí tí kíkọ fi di iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Raymond Chandler, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó tẹ̀ lé e, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ já òun àti ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ìyá gbé e kọjá sí ìhà ibí, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan tó jẹ́ lọ́yà ní Ireland ló ń gbọ́ bùkátà wọn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ̀gbọ́n ìyá.

Àwọn mẹ́ta tó gbajúmọ̀ jù lórí bébà ọkọ yín nìyẹn. Ìkankan nínú wọn kò dé yunifásítì. Bí ó bá jẹ́ pé torí Oxford àti Cambridge ni ọkọ yín ṣe lẹ orúkọ wọn mọ́ fìríìjì, kò mú àwọn tó yẹ.

* * *

ÈSÌ KEJÌ

Ọ̀pọ̀ ti dá sí i láti àná. Àwọn kan ní ilé-ìwé ló ń sọ ọmọ dèèyàn. Àwọn kan ní orí ẹni ló ń gbé ni dé ibi tí a ń lọ, pé ẹni tó bá máa là á là, ì báà kàwé lábẹ́ igi máńgòrò. Èmi kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ìwé ni: ẹ ronú nípa iye ọmọ tó ti gba ibẹ̀ kọjá láti ọdún 1619 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, tí wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Àwọn díẹ̀ tó gbajúmọ̀ la ń kà. Bí ẹni ń ka àwọn tó jẹ tẹ́tẹ́ ni, tí kò ka àwọn tó ta á.

Ẹ̀yin tí ẹ ní orí ni: Sutton Trust, àjọ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, ṣe ìwádìí kan jáde ní 2019. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ní ilẹ̀ yìí, nǹkan bí méje péré ló lọ ilé-ìwé aládàáni. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún adájọ́ àgbà, márùnlélọ́gọ́ta ló ti ibẹ̀ wá. Ṣé orí àwọn ọmọ méje yẹn ló dára ju ti àwọn mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún yòókù lọ? N kò lè gbà bẹ́ẹ̀ láé. Ilẹ̀kùn kan wà, owó ló ń ṣí i. Ẹni tó bá wọlé á bá àwọn tó ń pín ipò pàdé nínú ilé.

* * *

ÈSÌ KẸTA

Bàbá kan ní Camberwell, àdúgbò tèmi, kọ̀wé pé Dulwich kì í ṣe tiwa, pé àwọn olówó ló kọ́ ọ fún ọmọ olówó. Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀.

Edward Alleyn ló dá a sílẹ̀. Òṣèré orí ìtàgé ni, ó ń ṣeré nígbà ayé Shakespeare, òun ló ṣe Faustus nínú eré Marlowe. Ó rówó, ó ra ilẹ̀ Dulwich, kò sì bímọ. Ní 1619, Ọba James Kìíní fi òǹtẹ̀ lu ìwé tó fún un láṣẹ láti dá ilé kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní ẹ̀bùn Ọlọ́run. Àwọn wo ló wà fún? Arúgbó ọkùnrin aláìní mẹ́fà, arúgbó obìnrin aláìní mẹ́fà, àti ọmọ aláìní méjìlá. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin ni wọ́n ti ń mú àwọn ọmọ náà: Southwark, Bishopsgate, Cripplegate, àti St Giles tó wà ní Camberwell.

Camberwell! Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì wà níbẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ tún ilé rẹ̀ kọ́ lẹ́yìn tí iná jó o ní 1841, mo máa ń gba iwájú rẹ̀ kọjá bí mo bá ń lọ ra iṣu. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé ìdásílẹ̀ ilé-ìwé náà, ọmọ aláìní láti àdúgbò tí èmi àti ẹ̀yin ń gbé yìí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn òfin ilé aṣòfin ti 1857 ni wọ́n tún gbogbo rẹ̀ tò. Wọ́n kọ́ ilé aláwọ̀ pupa ńlá tí ẹ máa ń rí láti ojú títì South Circular ní nǹkan bí 1870, ó sì di ibi tí wọ́n ń sanwó wọ̀. Nítorí náà, bí a bá béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe bí ẹni tó ń tọrọ bárà. Ohun tí olùdásílẹ̀ fi owó rẹ̀ sílẹ̀ fún là ń béèrè.

* * *

ÈSÌ KẸRIN

Mo fẹ́ fi kún ti àná. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ti 1944 jáde, ọ̀gá ilé-ìwé náà, Christopher Gilkes, ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Ó gba àwọn ọmọ tó yege ìdánwò, London County Council àti àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba tó yí i ká ló ń san owó wọn. Láàárín ọdún 1950 sí 1970, àwọn tí ìjọba ń sanwó fún pọ̀ gan-an ju àwọn tí bàbá wọn ń sanwó fún lọ. Ọmọ awakọ̀ àti ọmọ oníṣòwò kékeré jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan pẹ̀lú ọmọ dókítà. Ìgbà yẹn gan-an ni ilé-ìwé náà ń rán ọmọ lọ Oxford àti Cambridge lọ́pọ̀ yanturu.

Nígbà tí owó ìgbìmọ̀ dáwọ́ dúró, ìjọba Thatcher mú ètò mìíràn wá ní 1980 láti bá ọmọ aláìní san díẹ̀ tàbí gbogbo owó náà. Ìjọba Blair fòpin sí i ní 1997. Láti ìgbà náà, àfi owó òbí tàbí owó ilé-ìwé fúnra rẹ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé ẹ má ka bébà yẹn bí ẹni pé ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn wọlé. Orúkọ tó wà lókè àti orúkọ tó wà nísàlẹ̀, ilẹ̀kùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà.

* * *

ÈSÌ KARÙN-ÚN

Ẹnìkan ní ọmọ Igbo ni Ejiofor, kí ló wá kan Yorùbá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Forest Gate ni. Ogun Biafra ló lé àwọn òbí rẹ̀ dé ibí. Dókítà ni bàbá, apòògùn ni ìyá. Ní 1988 wọ́n lọ sílé, ọkọ̀ forí sọ ara wọn lójú títì, bàbá kú, Chiwetel tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá fara pa gidigidi. Àpá rẹ̀ ṣì wà níwájú orí rẹ̀, ẹ wo àwòrán rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló kù fún ìyá láti tọ́. Inú ọ̀fọ̀ yẹn lọmọ náà ti bọ́ sórí ìtàgé ilé-ìwé Dulwich, tó ń ṣe eré Shakespeare. Nígbà tó di 2014, wọ́n pè é fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar nítorí ipa ẹrú tó kó nínú 12 Years a Slave.

Tiyín náà ń lọ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìyá ọkọ mi. Nígbà tí ẹ bá ń ka orúkọ Ejiofor lórí fìríìjì, ìyá apòògùn yẹn ni kí ẹ máa rí.

Michael Ondaatje òǹkọ̀wé náà wà níbẹ̀, tó gba ẹ̀bùn ìwé ìtàn tí wọ́n ń pè ní Booker ní 1992. Colombo ló ti wá ní 1954, bí ọmọ ọdún mọ́kànlá lòun náà.

* * *

ÈSÌ KẸFÀ

Ẹ̀yin mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ bi mí nípa Nigel Farage. Bẹ́ẹ̀ ni, Dulwich ló ti jáde, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí i. Òun ni olórí ẹgbẹ́ Reform UK, ó sì ti ń ṣojú Clacton nílé aṣòfin láti 2024. Ilé-ìwé kan náà ló kọ́ òun àti Ejiofor. N kò ní ju ìyẹn sọ nípa rẹ̀, àfi pé kí ẹni tó bá ń sọ pé ilé-ìwé ńlá á fún ọmọ òun ní ìwà rere rántí pé ilé-ìwé kì í fi èrò kan náà sí orí gbogbo ọmọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà ni ìwà ti ń wá.

* * *

ÈSÌ KEJE

Mo ti ń dúró de ẹni tó máa dárúkọ ọkùnrin yìí, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀, kò sì sí lórí bébà ọkọ yín: Kitoyi Ajasa. Ó dùn mí pé a mọ Shackleton, a kò mọ̀ ọ́n.

Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1866, Edmund Macaulay ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ìdílé Sàró ni. Wọ́n ti kó bàbá rẹ̀ lẹ́rú rí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, Freetown ló gbé kó tó padà sí Èkó. Ọmọ ẹni tí wọ́n ti dè ní ṣẹkẹṣẹkẹ ló jókòó ní kíláàsì Dulwich, ní nǹkan bí ìgbà tí Shackleton wà níbẹ̀ tàbí ṣáájú díẹ̀. CMS Grammar School ní Èkó ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà Dulwich, lẹ́yìn náà Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ó di lọ́yà ní 1893, ó padà sílé, ó sì ju orúkọ Macaulay sílẹ̀, ó gba Ajasa.

Kí ló wá fi ẹ̀kọ́ náà ṣe? Ó dá ìwé ìròyìn Nigerian Pioneer sílẹ̀ ní 1914. Ó jókòó sí ìgbìmọ̀ aṣòfin àwọn amúnisìn. Ó wà lẹ́yìn Lugard. Nígbà tí àwọn ará Èkó ń bínú sí ìjọba, ìwé ìròyìn tirẹ̀ ń gbèjà ìjọba. Ní 1928 wọ́n fi oyè Sir dá a lọ́lá, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́.

Ẹ fi í wé Herbert Macaulay. CMS Grammar School kan náà lòun náà lọ, bàbá rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Kò dé Dulwich, kò dé ilé-ìwé aládàáni kankan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1890, ìjọba amúnisìn ló fi owó ara rẹ̀ rán an lọ sí Plymouth láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ó padà dé, ó sì dojú ìjà kọ ìjọba tó sanwó rẹ̀ títí ó fi kú ní 1946. Ojú ta ló wà lórí owó náírà kan? Ojú Macaulay.

Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ tún ọ̀rọ̀ ara mi ṣe níhìn-ín. Ìbéèrè "ta ló sanwó?" máa sọ fún yín bí ọmọ ṣe wọlé. Kò ní sọ ohun tó máa ṣe lẹ́yìn tó bá jáde. Ẹnìkan lè sọ pé Ajasa ta wá. Èmi kò ní lo ọ̀rọ̀ yẹn. Ó gbà gbọ́ pé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni nǹkan yóò fi dára lábẹ́ àwọn òyìnbó. Àṣìṣe ni lójú mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣàṣìṣe yàtọ̀ sí ẹni tó ta ìlú.

Ẹ sì wo ọmọ rẹ̀ obìnrin, Oyinkan, tí a mọ̀ sí Lady Abayomi. Òun náà kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Gloucestershire. Nígbà tó dé, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ jà kí ìjọba tó kọ́ King's College fún ọmọkùnrin ní 1909 kọ́ irú rẹ̀ fún ọmọbìnrin. Queen's College ṣí ní 1927, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ni níbẹ̀. Ní 1944 ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀. Ó mú ohun tí wọ́n rà fún òun nìkan lókè òkun, ó jà kí ọmọ ẹlòmíràn rí i nílé. Bí ẹ bá fẹ́ orúkọ kan láti fi síwájú ọmọ yín, tirẹ̀ ni mo mú wá.

* * *

ÈSÌ KẸJỌ

Ó yẹ kí n sọ ibi tí mo ti mọ ohun tí mo ń sọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ilé-ìwé aládàáni kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìjẹun wọn, pátákó dúdú yí ògiri ká, wọ́n fi wúrà kọ orúkọ àwọn ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ sí i: àwọn tó gba sikọ́láṣíìpù, àwọn tó kú sógun. Bí mo bá ti ń nu tábìlì tán lọ́sàn-án, mo máa ń kà wọ́n. Ní ọdún mẹ́rin, mo kà á tán lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohun tí mo rí kọjá orúkọ ni èyí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú táàmù kan, àgbàlagbà kan wá jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Kò bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìwé rárá. Ó ń bi ọmọ kọ̀ọ̀kan pé kí ló fẹ́ ṣe, ó sì ń kọ nọ́ńbà fóònù fún wọn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, mo ń ro ọmọ tèmi tó ń wá ibi tó máa ti ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì fún ilé-ìwé rẹ̀, tí a ti kọ lẹ́tà mọ́kànlá tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Rowett àti Shackleton nìyẹn. Nǹkan tó wà lórí pátákó kọ́ ni wọ́n ń tà. Nọ́ńbà fóònù ni.

* * *

ÈSÌ KẸSÀN-ÁN

Ọ̀rọ̀ owó wá dé, ẹ jókòó dáadáa.

Dulwich ti kọjá £25,000 lọ́dún fún ọmọ tó ń ti ilé lọ, tí kò gbé ibẹ̀. Eton, ilé-ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé, ti lé ní £60,000. Láti January 2025, ìjọba Starmer ti fi owó-orí VAT, 20%, lé owó ilé-ìwé aládàáni lórí. Ìyá kan níbí ní òun ti ń dá àjọ £500 lóṣù láti ọdún mẹ́ta. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n £6,000 ni ìyẹn lọ́dún, ọdún méje ni ọmọ máa lò. Àjọ kò lè gbé e. Ẹ má sì yáwó fún un. Ẹni tó bá yáwó san táàmù kìíní, kí ló máa fi san táàmù kọkànlélógún?

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni ìyàtọ̀ láàárín sikọ́láṣíìpù àti bọ́sárì. Sikọ́láṣíìpù wà fún ọpọlọ, orin, bọ́ọ̀lù. Iyì ni, ní ilé-ìwé mìíràn, owó díẹ̀ ló ń yọ kúrò, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ yọ nǹkan kan. Bọ́sárì ni owó. Ohun tó ń wọlé fún yín ni wọ́n ń wò, wọ́n sì lè san gbogbo rẹ̀. Mo mọ ìdílé méjì tí wọ́n pariwo sikọ́láṣíìpù nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ṣe ìdúpẹ́, tí wọ́n wá gba bíìlì ní August tí wọ́n sì bú sẹ́kún. Ọjọ́ tí ẹ bá ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ ni kí ẹ béèrè bọ́sárì. Ẹ má dúró di ìgbà tó bá yege.

* * *

ÈSÌ KẸWÀÁ

Ọ̀pọ̀ ló ní kí n sọ bó ṣe rí fún ọmọ tèmi. Ó dára.

Àkọ́bí mi yege ìdánwò ilé-ìwé kan, kì í ṣe Dulwich. A béèrè bọ́sárì. Wọ́n ní ká mú ìwé owó oṣù wá, ìwé báńkì oṣù mẹ́fà, àti ohun ìní èyíkéyìí tí a ní nílẹ̀ òkèèrè. Àwa náà ní ilé kan ní Ìkòròdú, a ti kọ́ ọ dé líńtẹ́ẹ̀lì, koríko ti hù nínú pálọ̀. Ọkọ mi kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí. Wọ́n kà á sí dúkìá. Wọ́n fún wa ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà, a kò lè san ìyókù, ọmọ kò lọ.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní tiwa, ilé tí a kò tíì kọ́ tán ló dínà ọmọ tí a fẹ́ kọ́. Mo sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nísinsìnyí, àwọn mẹ́ta nínú yín ti kọ̀wé sí mi pé kí ìyá ọkọ mi má dárúkọ ilé Ìkòròdú rárá, pé ta ló máa rìn dé ibẹ̀ lọ wò ó. Mo lòdì sí i pátápátá. Ẹ óò fọwọ́ sí ìwé pé òtítọ́ lẹ sọ. Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n lè gba bọ́sárì náà padà, ọmọ tó ti ní ọ̀rẹ́, tó ti mọ ibẹ̀, á sì di ẹni tí wọ́n yọ. Ọmọ ló máa jìyà irọ́ wa.

Àṣìṣe tí àwa ṣe ni pé a kọ "ilé" sílẹ̀, a kò ṣàlàyé. A kò ya fọ́tò. A kò sọ pé kò ní òrùlé, pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀, pé kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Lójú ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé kejì ni. Nígbà tó kan àbúrò rẹ̀ obìnrin, ní ilé-ìwé mìíràn, a fi fọ́tò mẹ́fà sí i, a kọ lẹ́tà ojú ewé kan, a tún gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Wọ́n san mẹ́sàn-án nínú ìdá mẹ́wàá.

Àkọ́bí mi ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì báyìí, láti ilé-ìwé ìjọba ló ti lọ. N kò sọ ọ́ kí n lè fi sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà. Mo rí i lójoojúmọ́ láàárín òun àti àbúrò rẹ̀: ẹ̀rù kì í ba àbúrò láti pe ẹni tí kò mọ̀ rí lórí fóònù.

* * *

ÈSÌ KỌKÀNLÁ

Kíákíá sí àwọn tó béèrè nǹkan mìíràn.

Ẹni tó ní ọmọ òun ti pé mẹ́rìndínlógún, ṣé ó ti pẹ́ jù: rárá. Maro Itoje, tó ṣe balógun ẹgbẹ́ rọ́gíbì Lions ní 2025, ìgbà tó dé sixth form, ìyẹn ọdún méjì tó gbẹ̀yìn ní ilé-ìwé girama, ló tó wọ Harrow, ilé-ìwé aládàáni ńlá kan, sikọ́láṣíìpù ló sì gbé e wọlé.

Ẹni tó ní ọmọbìnrin: Dulwich College kì í gba obìnrin sí kíláàsì ńlá. Ṣùgbọ́n James Allen's Girls' School wà nítòsí fún obìnrin nìkan, Alleyn's School sì ń gba tọkùnrin tobìnrin. Àwọn náà ń jàǹfààní nínú ogún tí Edward Alleyn fi sílẹ̀.

Ẹni tó ní ọmọ á gbàgbé Yorùbá: ọmọ tí wọ́n ń sọ Yorùbá sí nílé kì í gbàgbé rẹ̀ torí aṣọ ilé-ìwé. Àwọn tí mo rí tí wọ́n gbàgbé rẹ̀, ilé-ìwé ìjọba ni púpọ̀ nínú wọn lọ. Ajasa lọ Dulwich, orúkọ Yorùbá ló sì padà gbà.

* * *

ÈSÌ KEJÌLÁ

Ìyá ọkọ mi, mo ti ka ohun tí ẹ kọ láàárọ̀ yìí, pé ọkọ yín mú bírò fúnra rẹ̀, ó kọ "bàbá", "ẹ̀gbọ́n ìyá", "ìjọba" sí ẹ̀gbẹ́ àwọn orúkọ náà, ó wá kọ orúkọ ọmọ sí ìsàlẹ̀, ó fi àlàfo sílẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó ti lóye mi.

Ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ibi mẹ́ta: Dulwich, ilé-ìwé aládàáni kan sí i tí bọ́sárì rẹ̀ pọ̀, àti ilé-ìwé ìjọba tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ti ìjọba kì í gba ẹ̀yìn ọjọ́ 31 October, ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nítorí ìdánwò àwọn aládàáni. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ilé-ìwé fún àlejò, ẹ má wo ọkọ̀ Shackleton nìkan kí ẹ padà sílé. Ẹ wá ọ́fíìsì tó ń rí sí bọ́sárì. Ẹ bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n ń san gbogbo owó rẹ̀ fún. Ẹ bi wọ́n bóyá aṣọ, oúnjẹ àti owó ìrìn-àjò wà nínú rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bí nǹkan ṣe máa rí bí owó oṣù yín bá lọ sókè ní ọdún kẹta.

Ní ti fọ́ọ̀mù, ẹ má kọ nǹkan kan sí apá ohun ìní òkèèrè kí a tó ríra. Mo máa wà ní ilé ìkàwé Peckham lọ́sàn-án Sátidé, ní àjà tí tábìlì wà. Ẹ jẹ́ kí ẹni yín ní Ìkòròdú ya ilé náà ní fọ́tò lọ́la, níwájú, lẹ́yìn, àti inú ibi tí kò ní òrùlé, kí ọjọ́ tí wọ́n yà á sì hàn lára fọ́tò. Ẹ mú ìwé ilẹ̀ dání. Kí bàbá ọmọ náà tẹ̀ lé yín wá.